Ìdí Tí Ìbejì Kì Í Fi Jọ Kan Ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1998, nígbà tí agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ìlú Ìdí-Àfọ̀n dákẹ́ mọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Orúkọ ènìyàn mọ́kànlélógójì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tí wọ́n sì tún un tàn, orúkọ kankan kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe kan ní ìlú náà tó jẹ́ pé bí àlejò bá gbọ́ ọ, á ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n á ní: "Ìbejì lè jọ jẹ̀wà, wọn kì í jọ kan ilẹ̀kùn." Ti ẹ̀wà kò ṣòro. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì? Ti ilẹ̀kùn ló máa ń rú àlejò lójú. Ẹni méjì tí wọ́n jọ sùn nínú ikùn kan fún oṣù mẹ́sàn-án, kí ló dé tí wọn kò gbọdọ̀ jọ kan ilẹ̀kùn? Ṣé èèwọ̀ ni? Kì í ṣe èèwọ̀. Káàdì kọ̀ǹpútà méjì ló fà á, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Obìnrin kan wà ní Ìdí-Àfọ̀n tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ìbejì. Gàrí ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló sì tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì dàgbà: Táyé tó jẹ́ ọkùnrin, àti Kẹ́hìndé tó jẹ́ obìnrin. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, bàtà Táyé já nínú ọyẹ́. Ìyá rẹ̀ ra òmíràn fún un. Ti Kẹ́hìndé kò já, kò sì ra nǹkan kan fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ara Kẹ́hìndé ti ń jó bí iná. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ ra irú bàtà kan náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ibà náà sì lọ kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyá Ìbejì kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bàtà ló wo ibà sàn. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò ṣe ohun kan fún ọ̀kan kí ó má ṣe é fún èkejì. Bí ọ̀kan bá jẹ̀bi, méjèèjì ló ń nà. Nígbà tí Táyé fìdí rẹmi ní kíláàsì kẹrin, ó lọ bẹ tíṣà pé kí wọ́n dá Kẹ́hìndé náà dúró sí kíláàsì yẹn. Ipò kejì ni Kẹ́hìndé ṣe nínú ọmọ méjìdínlógójì. Wọ́n dá a dúró.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàlélógún, ìyá wọn ra àlòkù kọ̀ǹpútà kan, ó sì ṣí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fún wọn ní yàrá iwájú ilé rẹ̀. Táyé mọ ìwé tẹ̀, iṣẹ́ ìwé ni tirẹ̀. Kẹ́hìndé fẹ́ràn ohùn. Òun ló ń gba ohùn àwọn tó ń ta òògùn sílẹ̀, tí ó ń fi orin díẹ̀ sí i, tí ó sì ń dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè máa fi polówó kiri ọjà. Bẹ́ǹṣì kan ni àwọn méjèèjì jókòó lé níwájú kọ̀ǹpútà kan. Táyé ló wà lápá ọ̀tún, Kẹ́hìndé ló wà lápá òsì. Tí ó bá di ọ̀sán, wọ́n á pààrọ̀, kí ọ̀kan má baà jókòó sápá ọ̀tún ju èkejì lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1998, wọ́n pe ọkùnrin kan láti Òṣogbo tó ń jẹ́ Múfútáù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí ó wá fi káàdì méjì sínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan wà fún pírintà Táyé, èkejì wà fún ohùn Kẹ́hìndé. Múfútáù tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe.

"Màmá, káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ èyí tó ń pè é. Pírintà á gba méje, ohùn á gba márùn-ún."

Ìyá Ìbejì fà sún mọ́ ọn. "Nínú márùn-ún àti méje, èwo ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn?"

Olóòótọ́ ènìyàn ni Múfútáù. "Márùn-ún ni, mà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde," ni Táyé wí.

"Èmi ni mo rán ọ jáde," ni Kẹ́hìndé dáhùn. "Nínú ẹni tó ránni níṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n rán, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n tó ń sùn nígbà tí àbúrò ń jẹ́ iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà máa ń ṣe."

"Ẹ pa ẹnu mọ́," ni ìyá wọn wí. "Múfútáù, fún àwọn méjèèjì ní méje."

"Màmá, wọn kì í jọ jẹ́ nọ́ńbà kan."

"Ṣé ìwọ lo lóyún wọn ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí mo ra bàtà?"

Múfútáù kò mọ bàtà wo ni. "Rárá, mà."

"Méje."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Múfútáù. Ìyá Ìbejì dàgbà ju ìyá tó bí i lọ. Lára káàdì ohùn, irin wẹ́wẹ́ kan wà tí kò ju eyín ọmọdé lọ. Ibi tí irin yẹn bá wà ni nọ́ńbà káàdì náà. Múfútáù fà á yọ ní márùn-ún, ó sì fi í sí méje. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bóyá wọn kò ní lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé ẹ̀wà fún un, ó jẹ ẹ́, ó sì padà sí Òṣogbo.

Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá tí nǹkan kan kò ṣe. Ìwé tí àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n ń wá tẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ, pírintà á sì ti tẹ̀ ẹ́ tán kí Kẹ́hìndé tó gbé máìkì. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ilé-ìwé alẹ́ dé.

Ibídùnní Àlàdé ló gbé iṣẹ́ náà wá. Agbálẹ̀ ni ní ilé ìwòsàn ìlú náà. Ọmọ ọdún méjìlá ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tí ìwé sì dúró. Ọdún mẹ́fà ló ti ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́, ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, nínú yàrá kan tí àtùpà méjì ń tan ìmọ́lẹ̀ fún ènìyàn mọ́kànlélógójì. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ wọ̀. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlógójì, Ibídùnní yóò sì pé e ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ. Ìdánwò ọdún yẹn nìkan ló kù fún un.

Òun ni olórí kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé àṣẹ nípa ìdánwò wà. Ọ́fíìsì ìdánwò ní Ìbàdàn ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀kọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe ìdánwò lé lórí, ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n sì kó orúkọ kan náà sínú dísíkì. Wọn kò ní gba èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí agogo mẹ́rin tó lù ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta.

Ní ọjọ́ Ajé tí a sọ yẹn, Táyé ti tẹ orúkọ mọ́kànlélógójì tán, pírintà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kẹ́hìndé náà ń gbọ́ ìpolówó tí ó gbà sílẹ̀ fún bàbá kan tó ń ta òògùn ikọ́, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníkọ́. Ohùn bàbá náà jáde nínú ẹ̀rọ: "Ẹ̀yin tí ikọ́ ń hàn léèmọ̀, ẹ̀yin tí ikọ́ ń hàn léè, léè, léè, léè, léè." Pírintà dúró sórí orúkọ kẹfà. Ojú kọ̀ǹpútà kò mira. Bàbá Oníkọ́ nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀, léè ló sì ń wí.

"Kí ló ṣe é?" ni Ibídùnní bèèrè.

"Ooru ni," ni Táyé dáhùn. Ó mú abẹ̀bẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún orúkọ gbogbo tẹ̀, ó sì kó wọn sínú dísíkì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pírintà tẹ̀ wọ́n. Ní orúkọ kẹrìnlá, Bàbá Oníkọ́ tún bọ́ sínú léè. Nígbà tí wọ́n ṣí dísíkì, orúkọ kankan kò ṣeé kà. Àmì bí ẹsẹ̀ adìyẹ ló kún ibẹ̀.

"Iná mọ̀nàmọ́ná ni," ni Kẹ́hìndé wí. Wọ́n yá jẹnẹrétọ̀. Ó dákẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ náà. Ìyá Ìbejì ní ibi tí wọ́n kọjú kọ̀ǹpútà sí ni kò dáa, wọ́n sì yí tábìlì padà. Ní ọjọ́ Rú, ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níbi tí wọ́n yí i sí. Bàbá Oníkọ́ wá gba kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún ẹ̀rọ náà ní ṣíbí méjì nínú òògùn òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ránṣẹ́ sí Múfútáù. Awakọ̀ tí wọ́n rán padà wá sọ pé àna Múfútáù kú ní Iléṣà, ó di ọjọ́ Ẹtì kó tó lè wá.

Ní ilé ìwòsàn tí Ibídùnní ti ń gbálẹ̀, ó ti rí bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ bí ara aláìsàn ṣe gbóná sí, ní wákàtí tí wọ́n bá rí i. Láti ọjọ́ Ajé ni òun náà ti ń kọ ti kọ̀ǹpútà sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà tún dákẹ́, ó ṣí ìwé yìí, ó sì kà á fún Ìyá Ìbejì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti dákẹ́, Màmá. Nígbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pírintà ń ké, Bàbá Oníkọ́ sì ń sọ̀rọ̀. Lánàá, nígbà tí Kẹ́hìndé lọ pọnmi, pírintà tẹ orúkọ mọ́kànlá láìdúró. Ìgbà tí Kẹ́hìndé dé ló dákẹ́. Nígbà tí Táyé lọ jẹun, Bàbá sọ̀rọ̀ títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí Kẹ́hìndé dúró fún wákàtí kan péré, mà."

"Kí Kẹ́hìndé máa dúró de Táyé?"

"Wákàtí kan, mà."

"Ibídùnní, ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ṣé ìbejì wà nínú wọn?"

"Kò sí, mà."

"Ìyẹn ló jẹ́ kí o lè sọ ọ́. Ìdánwò á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọmọ bá lọ, kì í wá."

Ibídùnní mọ iye ọdún tí òun yóò ti pé lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi ọjọ́ orí ẹni wé ọmọ ẹlòmíràn lójú ìyá rẹ̀.

Kẹ́hìndé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé máìkì kalẹ̀, ó sì dìde. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ ra kẹrosíìnì. Mo lè pẹ́ díẹ̀."

Ìyá wọn wò ó, ó sì wo ẹnì kejì rẹ̀. "Táyé, dìde, bá a lọ."

Àwọn méjèèjì jọ lọ ra ìgò kẹrosíìnì kan. Odindi wákàtí kan ni kọ̀ǹpútà fi dá wà lórí tábìlì, kò sì dákẹ́ rárá. Ibídùnní kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí agogo kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, Múfútáù wọlé pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn. Wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Ibídùnní fún un ní ìwé rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá a padà. Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

"Màmá, mo jẹ̀bi," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bí wọn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jáde?"

"Níbo lo ti gbọ́ ọ rí?"

"Ká ní wọ́n jọ fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

"Ǹ bá kú. Àwọn náà ì bá kú."

"Èwo ló jáde ṣáájú?"

"Táyé ni. Ó tó bí ẹni bu omi lódò kí Kẹ́hìndé tó tẹ̀ lé e."

"Ǹjẹ́ èyí tó dúró bínú?"

"Kò bínú."

"Nọ́ńbà kì í ṣe oúnjẹ, Màmá. Ilẹ̀kùn ni. Kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó dá wà nínú ilé tí kò sì rí ìta. Bí wọ́n bá ṣe kan ilẹ̀kùn ló fi ń mọ ẹni tó dé. Táyé kàn án lẹ́ẹ̀meje, Kẹ́hìndé náà kàn án lẹ́ẹ̀meje. Ó gbé ìwé lọ́wọ́ láti gbé e fún Táyé, Kẹ́hìndé ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ẹni tí òun ó dá lóhùn. Ló bá dúró síbẹ̀."

Ìyá Ìbejì ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí Múfútáù kò tíì tú, bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

"Ìbejì lè jọ jẹ̀wà," ó ní. Ẹ̀yìn ìyẹn ló fi kún un: "Wọn kì í jọ kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ fún un ní márùn-ún," ni Táyé wí. "Mo ti kọ́kọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ó tó."

"Àbúrò mi," ni Kẹ́hìndé wí.

"Má bá mi sọ̀rọ̀."

Múfútáù tú ẹ̀rọ, ó fa irin wẹ́wẹ́ náà yọ ní méje, ó sì dá a padà sí márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Táyé jókòó, ó tún orúkọ mọ́kànlélógójì tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí èyí tó wà nínú dísíkì ti bàjẹ́. Nígbà tí pírintà bẹ̀rẹ̀, Múfútáù ní kí Kẹ́hìndé jẹ́ kí Bàbá Oníkọ́ máa sọ̀rọ̀, kí ojú gbogbo wọn lè rí i. Pírintà ń ké, bàbá náà sì ń sọ ohun tí ikọ́ ń ṣe fún àgbà àti ọmọdé. Wọ́n gbọ́ ìpolówó náà dé òpin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹ̀rọ kò dákẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí agogo mẹ́rin lù nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde, tí orúkọ náà sì ti wọ dísíkì. Ìrìn wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni Ìdí-Àfọ̀n sí Ìbàdàn. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ wé dísíkì náà. Kò bẹ Ibídùnní, Ibídùnní náà kò sì wò ó lójú. Ó gba ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Géètì ọ́fíìsì ti wà ní títì nígbà tó dé. Ó sùn sílé ìbátan rẹ̀ kan ní Mọ̀kọ́lá títí di ọjọ́ Ajé. Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan wò.

"Ẹni tó tẹ èyí mọ iṣẹ́," ó ní. "Èyí mọ́ ju gbogbo èyí tí wọ́n kó wá lọ."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó dé."

"Kọ̀ǹpútà ló dákẹ́, sà."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà, sà."

Ó dá ìwé náà padà sínú àpò-ìwé tí ó bá wá, ó sì tì í padà sí Ibídùnní lójú fèrèsé.

Láti ìgbà náà, bí àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n bá fẹ́ fi ẹni méjì sí ipò kan ṣoṣo kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, àgbà kan á wà láàárín wọn tí yóò rọra pa òwe náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn náà á mọ̀ pé ìfẹ́ ló fún àwọn ọmọ méjì ní nọ́ńbà kan, àti pé ìfẹ́ náà kò ní ìkórìíra nínú. A lè pín oúnjẹ dọ́gba, a lè pín aṣọ dọ́gba, ṣùgbọ́n níbi tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ dúró kí ẹnì kan kọjá, ẹni tó bá ní kí ẹnikẹ́ni má dúró ti dá gbogbo wọn dúró. Ìbejì lè jọ jẹ̀wà. Wọn kì í jọ kan ilẹ̀kùn.

Ènìyàn mọ́kànlélógójì kò ṣe ìdánwò ọdún 1998. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ibídùnní kò sí nínú wọn. Kò di nọ́ọ̀sì.